Igi ìbọn bàbá bàbá wa: ṣé kí n dá a padà sí ti ológun ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Òkè-Àdó (Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ọ̀rọ̀ igi ìbọn ni mo gbé wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: nígbà tí bàbá bàbá wa kú ni a ti gbé e lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n ti jó ọ̀pá rẹ̀ pa, kò lè yìn mọ́ láéláé, ìwé rẹ̀ sì wà nínú fáìlì mi. Ara ògiri pálọ̀ ló ń lọ.

Ráífù ológun Gẹ̀ẹ́sì ni, Lee-Enfield. Lára irin tó wà níbi tí ọwọ́ ń dì mú, wọ́n tẹ adé sí i, wọ́n wá tẹ GR, ENFIELD, 1917, SHT. L.E. àti III* sábẹ́ adé náà. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ nínú fọ́tò ogun á mọ̀ pé tiwa yìí ò pé. Igi iwájú tó yẹ kó bo ọ̀pá títí dé ẹnu, wọ́n ti gé e kúrú. Igi tó ń bo orí ọ̀pá kò sí rárá. Irin imú tí wọ́n ń ki ọ̀bẹ ogun bọ̀ náà ti lọ. Ìdí ìbọn, igi ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé ti èjìká, ṣì wà, pẹ̀lú idẹ tó ń tàn nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n igi náà dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹnìkan sì ti kun fáníìṣì lé e lórí, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Àwọn ará ilé ní Bàbá gbé e bọ̀ láti ogun Bóómà (Burma) ni. Mo fẹ́ dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n fi ń jagun. Mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tí yóò bá mi wá ìdí tuntun, kí n lè ju ti àtijọ́ yìí nù. Káfíńtà kan ládùúgbò wa ti kọ́kọ́ gba igi iwájú lọ́wọ́ mi, ó sì ti fi ẹ̀rọ fá a fún bí ìṣẹ́jú méjì kí n tó pariwo. Àmì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sáré wá síbí kí n tó ba ìyókù jẹ́.

Ohun kan tún wà. Bí mo bá ń fi sáńdípépà pa ìdí rẹ̀, ńṣe ni mo ń sín bí ẹni tó fa aáṣáà. Bí mo bá ń pa igi iwájú, kò sí nǹkan kan. Àbí fáníìṣì ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀?

Kọ́lá_Enfield (Ajé, 9:02 alẹ́)

Arákùnrin, gbé sáńdípépà yẹn sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Gbé e sílẹ̀ ná kó o tó ka ọ̀rọ̀ mi tán.

III* yẹn ni wọ́n ń ṣe nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní gbóná, tí wọ́n ń wá ìbọn púpọ̀ kíákíá. Wọ́n yọ ohun tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn kúrò lára irú tó ṣáájú rẹ̀, Mk III ti 1907: irin pẹlẹbẹ tó ń sé àpò ọta, àti awò ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn réré. Igi wọ́ọ́nọ́ọ̀tì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe asálà tí à ń jẹ o, ẹ má lọ gbé asálà lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà).

Kọ́kọ́ wọn ọ̀pá irin náà. Bó bá tó nǹkan bíi 64 sẹ̀ǹtímítà, orí ẹ dára, igi nìkan ni wọ́n gé, wọn ò gé irin. Irú èyí ṣeé tún ṣe. Wàá wá igi iwájú mìíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ àmọ́ tí orí rẹ̀ ṣì le, wàá gé orí yẹn, wàá so ó mọ́ èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ojú ìsopọ̀ á bọ́ sábẹ́ òrùka irin àárín, èyí tí wọ́n ń so okùn mọ́. Èèkàn onígi kékeré kan nínú, gọ́ọ̀mù Araldite díẹ̀, ẹni tí ò bá tú u kò ní mọ̀ láé.

Ṣùgbọ́n o, má fọwọ́ kan bóòtù gígùn tó wà nínú ìdí kó o tó yọ igi iwájú kúrò. Orí bóòtù yẹn tó yọ síwájú ní igun mẹ́rin, ó sì wọ inú irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn igi iwájú, kó má bàa máa tú fúnra rẹ̀. Bó o bá yí i nígbà tí igi iwájú ṣì wà níbẹ̀, á la igi náà sí méjì. Mo ti ṣe é rí. N ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó o bá sì ń yọ igi iwájú, má fà á láti ẹnu bí ẹni ń bó ìrèké. Ìtòsí irin ni kó o ti dì í mú, kó o máa fà á wálẹ̀ lọ́gbọọgba.

Wo orí ìdí náà fún mi. Ṣé o rí lẹ́tà kankan? Oríṣiríṣi gígùn ni wọ́n ṣe é: L fún elápá gígùn, S fún kúkúrú, B fún èyí tó kúrú jù.

Bàbá_Mókólá (Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹni tó ti wọ kákí rí ni mí, ọ̀rọ̀ Bóómà yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i.

Lóòótọ́ ni àwọn èèyàn wa lọ sí Bóómà, nínú Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Báréèkì Letmauk tó wà níbi wa ní Mókólá yìí, orúkọ ibi kan ní Bóómà ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún sọ́jà ní ráífù gbé relé. Nọ́ńbà ìbọn rẹ wà nínú ìwé, bí o bá sọ ọ́ nù, wàá sọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Mẹ́dà, owó díẹ̀ àti ìtàn ni àwọn tó darí dé gbé bọ̀. Tún inú àpótí Bàbá yẹ̀ wò dáadáa, ọmọ mi. Ó jọ pé ibòmíràn ni ìbọn yìí gbà wọlé.

Ọdẹ_Àkùfò (Ajé, 10:15 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ìgboro, ẹ máa ń dá mi lẹ́rìn-ín. Ẹ ní wọ́n "ba" ìbọn jẹ́. Ráífù yẹn ní odindi ara rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin. Ta ni yóò gbé igi gígùn bẹ́ẹ̀ wọ abẹ́ ìtàkùn lóru, pẹ̀lú àtùpà lórí? Gbogbo ìtàkùn ni yóò máa kọ́ ọ. Bàbá yín mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní kí wọ́n gé e.

Ti igi tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, fi adín àgbọn pa á láàárọ̀ lálẹ́, tàbí òrí. Bí a ṣe ń ṣe ìdí ṣakabùlà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ìyá_Pákó_Bódìjà (Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn, n ò sì fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń ta pákó ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí o kọ kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ mi, fáníìṣì kọ́ ló ń jẹ́ kí o sín. Bó bá jẹ́ fáníìṣì ni, ti iwájú náà ì bá ti ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Igi mansóníà ni mo fura sí. Àwọn ọmọ tó ń là á ní ẹ̀rọ ìlagi, bí wọn ò bá fi aṣọ dí imú, sísín ni wọ́n ń sín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Àwọn mìíràn, imú wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ burú gan-an. Dí imú rẹ jàre, má fi ṣeré.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé inú igbó wa níbí ni mansóníà ti ń hù. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti wọ́ọ́nọ́ọ̀tì tí ẹ ń sọ yẹn, àwọn òyìnbó pàápàá máa ń fi í rọ́pò rẹ̀ fún àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Báwo ni igi Nàìjíríà ṣe dé ìdí ìbọn tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1917? Ìbéèrè ni mo bi yín o.

Kọ́lá_Enfield (Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Háà. Mà á. Ẹ ti gbà á lẹ́nu mi. Ọmọ_Òkè-Àdó, tú ìdí yẹn kúrò kíá (igi iwájú kọ́kọ́ o!), kó o wo inú ihò bóòtù fún wa.

Ọmọ_Òkè-Àdó (Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́)

Mo ti tú u. Mo tẹ̀lé bí ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe sọ ọ́, kò sí ohun tó là. Ọ̀pá irin jẹ́ 64 geerege, wọn ò gé e.

Ẹ wá gbọ́ ti ìdí. Kò sí L, kò sí S, kò sí B, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí idẹ ìsàlẹ̀, kò jókòó dáadáa sórí igi, wọ́n fi ìda oyin dí àlàfo tó wà láàárín. Inú ihò bóòtù kò sì dán bí ihò tí ẹ̀rọ lu. Ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ó sì wọ́ díẹ̀. Mo fi ìka kàn án, èédú ló yí mi lọ́wọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òjé (Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́)

Irin gbígbóná ni wọ́n fi lu ihò yẹn. Alágbẹ̀dẹ á ki ọ̀pá irin bọ iná títí á fi pọ́n, a ó wá tì í bọ igi díẹ̀díẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó tún dá a padà síná. Ó lè gba odindi ọ̀sán kan. Bí iṣẹ́ bá gùn tí kò sí ìlugi tó gùn tó o, ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Bàbá mi ṣe é lójú mi.

Ẹni tó gbẹ́ ìdí yìí kì í ṣe ọmọ àná. Láti gbẹ́ ibi tí igi ti ń wọ inú irin, kó sì dì í gírígírí láìsí àwòrán kankan níwájú rẹ, wàá máa fi èédú kun irin, wàá tẹ igi mọ́ ọn, ibi tó bá dúdú ni wàá fá. Léraléra, bí ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ìwọ sì fẹ́ jù ú nù?

Ọmọ_Òkè-Àdó (Ìṣẹ́gun, 10:31 alẹ́)

Mo fẹ́ jù ú nù kí n tó mọ̀ ni o. Ojú ń tì mí báyìí.

Títí_Ilé-Ọnà (Ọjọ́rú, 1:12 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ títún ohun àtijọ́ ṣe ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀nà mìíràn díẹ̀.

Kó o tó kun ohunkóhun, wo igi iwájú yẹn bóyá o máa rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ wọn. Inú àjà lẹ ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, àbí? Kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn irú ibẹ̀. Bó bá wà, má fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí i. Wé igi náà sínú ọ̀rá méjì, yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, gbé e sí fìrísà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó o bá fẹ́ gbé e jáde, má ṣí ọ̀rá náà títí igi á fi padà sí bí ilé ṣe móoru, kí omi má bàa ṣẹ̀ sí i lára. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí nípa iná ìjọba. Bí fìrísà bá yọ́ láàárín, ńṣe ni kó o bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. N ò ní ìdáhùn mìíràn fún yín ju jẹnẹrétọ̀ lọ.

Epo tó ti wọ inú igi ló ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Lọ ẹfun kúnná, pò ó mọ́ tínnà kó ki bí ẹ̀kọ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dúdú, gbé e sóòrùn. Ẹfun á máa fa epo síta, funfun rẹ̀ á máa di àwọ̀ bíi ti ilẹ̀. Gbọn ọ́n dànù, tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìta gbangba ni o, kò gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí.

Ọ̀rọ̀ adín àgbọn, ẹ dárí jì mí, Bàbá Ọdẹ: adín àgbọn kì í gbẹ. Lára ṣakabùlà tí ẹ ń gbé lójoojúmọ́, ọwọ́ yín ló ń nù ún kúrò. Lára ògiri, eruku ni yóò máa kó, yóò sì kan. Epo línsíìdì yàtọ̀, ó máa ń gbẹ, ó sì máa ń le sínú igi.

Ọdẹ_Àkùfò (Ọjọ́rú, 2:00 ọ̀sán)

Mo gbà fún ti ògiri. Fún ti igbó, n ò gbà.

Kọ́lá_Enfield (Ọjọ́rú, 2:45 ọ̀sán)

Línsíìdì nìyẹn, àwọn ológun náà ló ń lò ó. Èyí tí wọ́n kọ "raw" sí lára ń pẹ́ kó tó gbẹ. Èyí tí wọ́n kọ "boiled" sí, wọ́n ti fi ohun tó ń mú un gbẹ kíá sí i. Díẹ̀ ni kó o máa fi ọwọ́ pa. Nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, dúró di ọjọ́ kejì kó o tó tún pa. Bó o bá kun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á di gúmù sí ọ lọ́wọ́ nínú òjò oṣù yìí.

Àkísà tó o fi kùn ún, má ká a pọ̀ jù síbì kan. Línsíìdì máa ń gbóná bó ti ń gbẹ, àkísà tí wọ́n ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ta á sórí okùn níta, tàbí kó o rì í sínú omi.

Ibi tó tẹ̀ wọnú lára igi, má fá a. Fi aṣọ tútù bò ó, gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà. Fọ́nrán igi tó tẹ̀ á mu ooru, á wú padà. Ibi tí ọ̀bẹ ti gé fọ́nrán náà kò ní wú o, ìyẹn ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ni mo dúró lé: tún iwájú rẹ̀ ṣe. Ọ̀pá tó pé 64 lórí ìbọn 1917! Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti gé irin rẹ̀ dànù, tí kò ní àtúnṣe mọ́. Tìrẹ ní.

Títí_Ilé-Ọnà (Ọjọ́rú, 3:30 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ta la fẹ́ tún un ṣe fún? Bó bá jẹ́ ti sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ la ń wá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n wọ́ọ́nọ́ọ̀tì ilẹ̀ òkèèrè níwájú, mansóníà igbó wa lẹ́yìn, ihò tí wọ́n fi iná lu láàárín: n ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Bó bá so orí tuntun mọ́ ọn, òun náà ni yóò tún gé e.

Kọ́lá_Enfield (Ọjọ́rú, 3:41 ọ̀sán)

Kò ní ba igi ìyókù jẹ́, aàbọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan ni mo ń sọ.

Títí_Ilé-Ọnà (Ọjọ́rú, 3:44 ọ̀sán)

Káfíńtà yẹn náà, ìṣẹ́jú méjì péré ló sọ.

Bàbá_Mókólá (Ọjọ́rú, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bá ara yín jà. Ọmọ_Òkè-Àdó, àpótí Bàbá ńkọ́?

Ọmọ_Òkè-Àdó (Àìkú, 7:25 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo lọ bá àbúrò bàbá mi ní Mọ̀níyà, àwa méjèèjì la jọ tú àpótí.

Bàbá_Mókólá, ẹ gbà á. Bàbá wa ò dé Bóómà rí. Ìwé pélébé kan la bá nísàlẹ̀ àpótí, inú agolo bisikíìtì: òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ igbó, tó ń padà sílé ní 1958, ló ta á fún un. Wọ́n ti gé igi iwájú rẹ̀ nígbà yẹn, ó wà nínú ìwé náà pé ìbọn ọdẹ ni. Òyìnbó ló gé e, kì í ṣe Bàbá! Nígbà tí mo béèrè ibi tí ìtàn Bóómà ti wá, àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló lọ sí Bóómà. Ìtàn rẹ̀ àti ìbọn yìí ti ń gbé inú ilé kan náà tipẹ́, wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Ti ìdí: Bàbá já bọ́ láti orí ẹ̀gùn ọdẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdí ìbọn ṣẹ́ níbi tó ti tín-ín-rín. Òun náà ṣẹ́ ní apá. Nígbà tí apá rẹ̀ ń san, ó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Òjé lójoojúmọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Àbúrò bàbá mi wà ní kékeré, òun ni wọ́n ń rán ní omi. Ó rántí pé gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń sín ṣáá, tí Bàbá sì ń bú u pé ó fẹ́ fi ikun bo ìbọn òun.

Mo sì gbé ìrẹ́gi kékeré kan lọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò. Ẹni tó dá mi lóhùn fi réésà bẹ́ orí igi náà, ó fi gíláàsì wò ó, kò pẹ́ tó fi sọ pé mansóníà ni. Ìyá Pákó, ẹ ò rí igi náà rárá, imú mi lẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Pákó_Bódìjà (Àìkú, 7:40 alẹ́)

Ẹ̀ẹ́n! Ṣé ẹ rí i. Ẹ sọ fún ọkọ mi kó wá kà á.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òjé (Àìkú, 8:02 alẹ́)

Ọdún wo ni ìdí náà ṣẹ́? Mo fẹ́ bi àwọn àgbà wa bóyá a lè mọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣe é.

Ọmọ_Òkè-Àdó (Àìkú, 8:20 alẹ́)

Àbúrò bàbá mi ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ó kéré tán ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ bá mi béèrè, ẹ jọ̀ọ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. N ò ra ìdí tuntun mọ́. Iwájú náà, n ò ní so nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, mo mọ̀ pé ó dùn yín, mo tọrọ àforíjì. Mo ti fi ẹfun fa epo jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Fáníìṣì ti kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òsì ìdí, mo rí ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà, mẹ́rìndínlógún. Àbúrò bàbá mi ní ìgalà ni. Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, owó táwọn èèyàn jẹ Bàbá ni.

Línsíìdì àkọ́kọ́ ti wọlé lánàá, kò tíì gbẹ. Àkísà wà lórí okùn.

Kọ́lá_Enfield (Àìkú, 8:33 alẹ́)

Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Àmọ́ má kun línsíìdì bo àwọn ilà yẹn nípọn, wọ́n á dí. Bó o bá sì yí ọkàn padà nípa iwájú, mo ní orí igi kan nílé tó ń dúró dè ọ́.

Ọdẹ_Àkùfò (Àìkú, 8:50 alẹ́)

Mẹ́rìndínlógún? Gbèsè ni.

Ọmọ_Òkè-Àdó (Àìkú, 9:04 alẹ́)

Ìyá Pákó, mo ń bọ̀ ní Bódìjà ní Sátidé. Pákó pẹlẹbẹ kan ni mo fẹ́, tí a ó fi gbé e kọ́ ògiri, gígùn rẹ̀ bíi mítà kan àti díẹ̀. Mansóníà ni kó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á fún mi bí ẹni tó ti Èkó wá.

Ìyá_Pákó_Bódìjà (Àìkú, 9:10 alẹ́)

Mú aṣọ ìdímú dání.